Tíkẹ́ẹ̀tì Kan fún Bàbá Oníná

                                        Yàrá Kejì,
                                        Òkè Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsùn àwọn ìbejì. Ṣé eyín wọn ti ń yọ? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín, àyàfi pé ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ ó sì gbọ́ ohun tó fà á. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá tún fi èdè ilé ìwé òkè òkun kọ̀wé sí yín, ẹ ò ní dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, ẹ fà mí dìde, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọkọ yín.

Mo ti mú Bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú bí ẹ ṣe rán mi. Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní àwọ̀ funfun tó bo ẹyin ojú ọ̀tún ti nípọn, ti òsì náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ abẹ. Mo bi í bóyá ojú máa là padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun á sa gbogbo ipá òun, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe Ọlọ́run. Nígbà tí a jáde, Bàbá rí ìwé ìpolówó eré kan lára ògiri iwájú ilé ìwòsàn. Wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Eré yìí! Èmi ni mo tanná sí i nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é."

Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ oníná; èmi ọmọ àbúrò wọn, òkè òkun ni mo dàgbà sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé ní ilé eré yẹn, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ẹ̀yìn àwọn òṣèré nìkan ni wọ́n ń rí. Mi ò mọ̀ pé wọn ò jókòó síwájú rí, ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n sọ fún mi pé ní òpin eré náà, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti fi ilé sílẹ̀ máa ń tẹ́ àwo mẹ́rin sórí tábìlì, á wá jókòó lóun nìkan. Iná á máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ọwọ́ ìyá náà nìkan. Bàbá ló ń fa iná yẹn wálẹ̀, wọ́n á máa ka oókan títí dé ogójì nínú ọkàn wọn. Tó bá ti tó bí ọgbọ̀n, wọ́n á gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fa imú bí ẹni tó ń sunkún ní ìhà kejì aṣọ. "Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ni wọ́n wí, "kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú mi."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àbámẹ́ta, ni wọ́n máa ṣe é kẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì sì ti tán láti ọjọ́ Ajé. Mo ní kí a gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, pé ta ni yóò lé oníná àtijọ́ padà? Ẹ gbọ́ èsì wọn:

"Ará Òkè-Òkun, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gba ẹ̀yìn wọlé. Iwájú ni mo fẹ́ gbà báyìí, bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá ṣe é ṣe, ká máa lọ sílé."

Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí.

Ọ̀nà kan ló kù. Àwọn tí kò bá lè wá mọ́ máa ń dá tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà, wọ́n á sì tà á lójú fèrèsé ní wákàtí kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tò ló máa kọ́kọ́ rà. Aago kan ọ̀sán ni mo ti wà lórí ìlà, ẹni kẹrin ni mí. Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri, wọ́n fi fìlà bojú nítorí oòrùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé lẹ ti ń kọ́ mi pé ọmọdé kì í wà níwájú kí àgbà dúró sẹ́yìn. Bàbá kan fi ọ̀pá tilẹ̀ dé, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ níwájú mi. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ìyá kan ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, mo yẹ̀ fún wọn, àdúrà tún sọ̀. Àwọn ìyá méjì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ọmọ ilé ìwé, mo fa àwọn náà síwájú. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí!" ni wọ́n ń wí, orí mi sì ń wú bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Nígbà tó kàn mí, obìnrin ojú fèrèsé na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi, òfìfo.

"Ó mà ti tán o. Méje péré ni wọ́n dá padà."

Èmi ni ẹni kẹjọ. Àwọn tí mo yẹ̀ fún sì ti wọlé tán. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọ́n ṣí fìlà lójú, wọ́n wò mí títí.

"Gbogbo arúgbó ìgboro lo ṣàánú. Èyí tó o mú wá láti ilé lo gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ẹ̀gbọ́n mi, omi lé sí mi lójú. Obìnrin ojú fèrèsé ló ṣàánú wa. Ó ní kí a má tíì lọ, pé tí wọ́n bá sinmi láàárín eré, àwọn kan máa ń jáde tí wọn kì í padà. "Àmọ́ ìdajì lẹ máa rí o." Bàbá ní ìdajì tí àwọn ń wá náà nìyẹn.

A jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú, Bàbá sì ṣe ìdajì àkọ́kọ́ fún mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ni wọ́n ń sọ o, iná ni. "Báyìí, ilẹ̀ ti mọ́, mo ti fún wọn ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn. Báyìí, àkọ́bí ń di ẹrù, mo ti pa ti ọwọ́ òsì." Ìka wọn ń lọ ń bọ̀ lórí orúnkún. Wọ́n ní, "Wọ́n á rẹ́rìn-ín báyìí," ká tó ṣẹ́jú, ẹ̀rín bú láti inú ilé.

Nígbà tí ìsinmi dé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń bi ẹni tó bá jáde bóyá ó ń padà wọlé. Wọ́n ń yà fún mi bí ẹni tó ń ṣagbe. Agogo ti dún pé kí gbogbo ènìyàn wọlé nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, fóònù létí. Ó ní, "Wọ́n ti pè mí níbi iṣẹ́. Ẹ gbà." Kí n tó rí owó fà yọ, ó ti sọdá títì.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni. Obìnrin tó ń fi tọ́ọ̀ṣì júwe àga rí bí Bàbá ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, ó sì gbà kí èmi náà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n má jókòó, má sì wúkọ́."

Ìpàkọ́ nìkan ni mò ń rí láti ibẹ̀, ó lọ súà. Mi ò gbọ́ eré náà tán, orí Bàbá ni mò ń ṣọ́. Ìyá orí ìtàgé tẹ́ àwo mẹ́rin, ó jókòó, iná bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Láàárín gbogbo ìpàkọ́ wọ̀nyẹn, ojú kan yí padà. Bàbá ni. Wọ́n ti yí gbogbo ara padà lórí àga, wọ́n kẹ̀yìn sí ìtàgé. Àyà mi já. Mo rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n, pé èmi ni wọ́n ń wá. Mo fẹ́ sáré lọ, obìnrin tọ́ọ̀ṣì dì mí láṣọ mú. Ètè Bàbá ń mì, wọ́n ń ka nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kú lọ lẹ́yìn wọn ń tàn sójú àwọn èèyàn, wọ́n sì ń wo àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó lọ pàdé ará ilé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Iná kú pátápátá. Nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí gbogbo ilé ń fa imú.

Nígbà tí a jáde, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò lẹ́yìn.

"Ìwọ kọ́ o, má jẹ́ kó dùn mọ́ ẹ. Ohun tó wà lórí ìtàgé, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń fa imú ni mi ò mọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Táì ọrùn rẹ̀ ló fi ń nu ojú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, eléyìí dénú dáadáa. "Ọmọ tó ń tanná báyìí kánjú. Méjìlélọ́gbọ̀n ló kà."

"Ṣé ẹ rí wọn, Bàbá?"

"Bíi kùrukùru." Wọ́n di èjìká mi mú, a sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, wọ́n tún dúró. "Mo ti máa ń rò pé ẹni méjì mẹ́ta ló ń sunkún yẹn. Gbogbo ilé ni, Ará Òkè-Òkun. Gbogbo ilé."

Láti àná, wọn ò tíì dárúkọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lọ́la. Ẹ má bi wọ́n léèrè ojú. Eré ni kí ẹ bi wọ́n.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra, kí ẹ sì kí ìyá aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé yín.

Èmi àbúrò yín, tiyín títí ayé,

Ará Òkè-Òkun