Kí Wọ́n Tó Hú Filawo Ààlà Mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, bàbá gbogbo wa ní Kétu. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn mí. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ ní kíláàsì àgbà ni mo fi ń kọ èyí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi kò balẹ̀. Igi filawo tó wà láàárín ọgbà ẹ̀fọ́ mi àti ilé Dansu aládùúgbò mi ti ga ju òrùlé lọ. Tẹ̀tẹ̀ mi kò rí oòrùn mọ́. Ewé rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ ti bo ebè mọ́lẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀fọ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá Dansu fà á. Ó ní igi ló ń gba ẹ̀fúùfù òkun dúró fún wa, pé kí n lọ gbin ẹ̀fọ́ sórí òrùlé. Mo ní kí òun náà lọ máa bá ẹyẹ gbé orí igi. Ni mo bá gba ilé délégé lọ, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa. Kamaradi yẹn, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ní ìjọba Ìyípadà fẹ́ kí gbogbo ilé gbin oúnjẹ, pé wọn yóò gé igi náà. Mo rẹ́rìn-ín délé.

Àfi bí Dansu ṣe gbà wẹ́rẹ́. Ó ní kí wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún pè mí ní màmá, ẹni tó ń pè mí ní arúgbó olóríkunkun! Ibẹ̀ lara ti fu mí.

Nílé, pèrègún là ń gbìn sí ààlà, kò sẹ́ni tó jẹ́ hú u. Níbí, filawo ni ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi fi hàn mí pé ó jẹ́ ààlà, ojú yín ló ṣe. Ẹni náà ti kú báyìí, kò sì síwèé. Bí wọ́n bá hú igi, iyanrìn á tẹ́ pẹrẹsẹ, Dansu á sún ọgbà rẹ̀ wọ inú ebè mi. Ta ni yóò jẹ́rìí fún mi nílẹ̀ àjèjì bí kò ṣe ẹ̀yin? Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní padà lọ bẹ délégé pé mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Láéláé!

Ẹ dákun, ẹ wá fúnra yín kí òjò tó dé, torí ìgbà náà ni wọ́n ní àwọn á mú àáké wá. Ẹ mú ọ̀pá pèrègún dání, ká rì í sí ìdí igi lójú Dansu àti délégé. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ara yín kò sì le tó tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá lè wá, n ó gbé àpótí mi, n ó jókòó sí ìdí filawo tí mo fẹnu ara mi ní kí wọ́n gé. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àtàgbà àtèwe.

Èmi ni, àbúrò yín, ọmọ ìyá yín ní Kùtọ̀nù.