Lívù Tí Bàbá Sójà Kò Gbà

Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi tipá gbà á lẹ́nu mi o, èmi fúnra mi ni mo la ẹnu tí mo pa á fún àgbàlagbà tó ń lọ sí ẹni ọgọ́rin ọdún, irọ́ ọ̀hún sì ti ń rìn káàkiri Kábà báyìí, ó ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, ó ti dé etí bàbá tó bí mi lọ́mọ... Ádímìn, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí pèèjì yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, èmi náà máa ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì, mo máa ń bú wọn dáadáa pẹ̀lú. Ó ti wá kàn mí báyìí.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Bọ́má, ogun àwọn òyìnbó ayé ìjọ́un. Bàbá Sójà ni gbogbo ìlú ń pè é títí tó fi kú. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyáálé ló bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Dádì Àgbà là ń pè é, òun ni àkọ́bí. Ìyàwó kejì, tí Bàbá Sójà fẹ́ lẹ́yìn tó ti ogun dé, ló bí bàbá mi. Nígbà tí wọ́n pín ogún, àwọn mẹ́dáàlì tó rí bí ìràwọ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ tiwa, báàjì aláṣọ kan tí wọ́n ya aláǹtakùn dúdú sí sì wà lọ́wọ́ Dádì Àgbà, torí pé Bàbá Sójà ti fún un láti kékeré. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, apá ọ̀tún lèyí ń jókòó, apá òsì ni tọ̀hún, tí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí ara wọn, okun, okun, ó parí. Mi ò mọ ohun tó fà á.

Dádì Àgbà máa ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Lóṣù tó kọjá ló wá bá mi nílé, mo ń sá kajú lágbàlá, ó gbé agolo mílíìkì kan dání, báàjì yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní tíṣà ni mí, mo ní fóònù tó dáa, kí n bá òun wá ibi tí bàbá òun ti jagun, òun fẹ́ gbọ́ ọ kí òun tó kú. Inú mi dùn gan-an. Mo lọ bẹ bàbá mi fún àwọn mẹ́dáàlì, ó kùn, ó kùn, ó sì kó wọn fún mi. Mo ya fọ́tò gbogbo wọn, mo gbé e sórí fesibúùkù níbi tí àwọn tó mọ̀ nípa nǹkan ológun ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn mẹ́dáàlì yẹn ò lè sọ púpọ̀ fún mi, kò sí orúkọ lára wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn tó lọ ló gba irú ẹ̀. Báàjì yẹn ni kí n tún yà dáadáa. Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà, tó ń gbé Ìlọrin, ló wá dá mi lóhùn. Ó ní àwọn sójà tó ń lo báàjì aláǹtakùn jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ni, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ igbó Bọ́má, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù torí mọ́tò ò lè wọ ibẹ̀, wọn ò sì kó wọn padà wálé títí ogun fi parí, ó lé ní ọdún méjì.

Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí wa o, mo ti kọ ọ́ dé ìdajì, kí ọwọ́ mi tó dúró. Gbogbo Kérésì ni Dádì Àgbà máa ń sọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Sójà ti ogun dé, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, pé òun ṣì ń rá nígbà náà, pé òun rá lọ di bàtà rẹ̀ mú, bàbá òun sì gbé òun sókè, ó já báàjì yẹn ní èjìká, ó fi fún òun. Gbogbo wa la mọ ìtàn yìí lórí. Ọmọ tó ń rá ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Bàbá tó ti fi ilé sílẹ̀ ó lé ní ọdún méjì ńkọ́? Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá Ìlọrin, mo ní sà, ṣé wọn kì í fún wọn ní lívù ni, kí wọ́n wá rí ìyàwó wọn? Ó ní ta ló máa gbé sójà kékeré sọdá òkun wálé, kó tún gbé e padà? Mo ní tó bá fara gbọgbẹ́ ńkọ́? Ó ní ẹni tí ọgbẹ́ bá gbé wálé kì í padà síbẹ̀ mọ́. Mo béèrè títí tí ò fi dá mi lóhùn mọ́. Mo bá pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́.

Mo pinnu pé mo máa sọ fún Dádì Àgbà pé wọn ò rí nǹkan kan. Mo débẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lábẹ́ máńgòrò, ó ń dúró dè mí. Kò bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti jagun. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n wálé? Ìgbà yẹn ló yé mi pé torí ìbéèrè yẹn nìkan ni bàbá yìí ṣe gbé agolo wá bá mi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sà, wọ́n fún wọn ní lívù lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Sójà wálé, ó sì padà. Àwọn tó lè já mi nírọ́ ti kú tán. Mo tún fi kún un pé ọ̀gá sójà ló sọ fún mi... Ta ló rán mi níṣẹ́ àfikún?

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ṣí fìlà, ó fi bojú, ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní láti kékeré làwọn ẹgbẹ́ òun ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé sójà wà ní Bọ́má, ta ló wá fún ìyá rẹ lóyún. Ó ní òun bi ìyá òun títí, ẹkún ló máa ń sun. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń kọ oyè ilé wa ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi lọ òun, kí ẹnì kan má baà dìde bi òun pé ọmọ ta ni. Àwa sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó ní ní báyìí, òun máa gbà á. Bẹ́ẹ̀ rèé, tí Dádì Àgbà ò bá gba oyè yẹn, bàbá mi ló kàn. Ṣé ẹ rí ibi tí mo ki ọrùn bọ̀? Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní mo fẹ́ gba oyè fún bàbá mi ni. Tí mo bá dákẹ́, bàbá mi ni mo rẹ́ jẹ.

Àná ni bàbá mi pè mí. Dádì Àgbà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ilé wa, ó ti ro ọ̀rọ̀ lívù fún un. Bàbá mi ní nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn jà lórí oko kan lọ́nà Ìyámoyè, inú bí òun, òun sì pe ẹ̀gbọ́n òun ní ọmọ àlè lójú èèyàn, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni màmá yẹn kú. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn òun rí. Ó ní ní Sọ́ńdè, tí mo bá ti ka ohun tí mo rí tán níwájú ìjọ, torí wọ́n ti sọ fún pásítọ̀ pé èmi ni mo máa kà á, òun máa dìde, òun máa kọjá sí apá kejì, òun máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun, òun sì máa tọrọ àforíjì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣàdúrà fún mi lórí fóònù, mo sì ń ṣe àmín.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe? Mo máa ń sọ fún ara mi pé Bàbá Sójà náà mọ ìṣirò, ó mọ̀ ọ́n, ó sì gbé ọmọ náà sókè ó ní tòun ni, ta wá ni èmi? Ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ burúkú ló sọ, kò yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa. Èmi ni mo purọ́, òun ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣé kí n lọ bá a ní kọ̀rọ̀? Ṣé ó máa lè gbé e mì? Ṣé kí n ṣàìsàn lọ́jọ́ náà? Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá mi ti ń fi ìdọ̀bálẹ̀ dánra wò ní pálọ̀ láti àárọ̀, torí orúnkún tó ń dùn ún, kó má baà ṣubú lójú ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dúró níwájú wọn ní Sọ́ńdè, kí ni kí n kà?