Ẹni Tó Ń Ṣáájú Mi Dé Ìdí Ẹ̀rọ Omi

Ojúlé Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé-ìwé.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn, àbí ìdí lo ṣì fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn? Bàbá ilé yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti jẹ́ kó sinmi? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí o bá bèèrè èmi náà, ara mi le bí òkúta, eyín tó kù lẹ́nu mi kò sì tíì dín.

Kí o má wulẹ̀ máa wá ẹni tó bá mi kọ ìwé yìí, èmi fúnra mi ni. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kò pẹ́ ju ibi tí sùúrù tísà mọ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba a, b, d tí mo mú bọ̀ níbẹ̀ kò tíì sá kúrò lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bá mi kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń sọ sétí ọmọdé. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, fi ojú bá mi tọ́ ọ.

O mọ bí ọjọ́ mi ṣe ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń là, màá gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó di ìdí ẹ̀rọ omi ní ìkòríta. Màá bá àwọn ará ibẹ̀ fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, màá bú ẹni tó bá yẹ ní bíbú, wọ́n á bú mi padà, a ó rẹ́rìn-ín. Màá yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́èédú. Tí mo bá délé, màá gbá àgbàlá, màá bọ́ sídìí ọpọ́n aṣọ. Tí oòrùn bá ti fa omi ara aṣọ, màá dáná sínú áyọ́ọ̀nù, màá lọ ọ́, màá ká a, màá gbé ti oníkálukú lọ fún un. Ìgbà yẹn ni màá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá na ẹsẹ̀ méjèèjì. Tó bá di ọjọ́ kejì, bákan náà. Àwọn kan á ní ìyà ni. Wọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo bá fi áyọ́ọ̀nù kọjá lára kọ́là ẹ̀wù, tí gbogbo híhunjọ rẹ̀ lọ, tó wá tẹ́ bí omi tí afẹ́fẹ́ ò kàn, kò sí olówó tí mo fẹ́ bá pààrọ̀ àyè.

Ọmọ mi obìnrin kò rí i bẹ́ẹ̀, èyí tó jọ bàbá rẹ̀ lójú, tó sì jọ mí lágídí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ ló ti ń ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní àga tìmùtìmù wà fún mi lẹ́bàá fèrèsé, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mo bi í bóyá àwòrán ni mo dà, tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri. A jà, a parí ẹ̀, a tún jà. Níkẹyìn a fẹnu kò. Mo ní lọ́jọ́ tí orí mi ò bá pé mọ́, tí mo bá ń gbàgbé ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, kó gbé ọkọ̀ wá, mi ò ní jiyàn. Orúkọ ìyá mi ni mo fi búra. Kí ló fẹ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀? Mo mọ̀ pé orí mi pé ju tiẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀nà, mo gbé kẹ́ẹ̀gì dé ìdí ẹ̀rọ omi. Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà wò mí tìyanu-tìyanu.

Ó ní, “Màmá, ẹ tún padà wá? Ṣé omi yẹn ti dànù ni?”

Mo ní, omi wo.

“Ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé lónìí. Ẹ tiẹ̀ kọrin fún wa.”

Èmi, orin. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá lanu kọrin, ewúrẹ́ á dìde kúrò níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú, mo pọn omi mi, mo lọ. Mo délé, mo ṣí àgbá omi láti da tèmi sí i. Ó kún dé ẹnu. Omi náà ṣì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Mo bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti gbá àgbàlá, ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí yẹ̀pẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé géètì, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ àfi tèmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé.

Mo kọ́kọ́ rò pé aládùúgbò kan ló ń ṣàánú arúgbó. Inú bí mi. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́èédú. Áyọ́ọ̀nù ti jó mi ní àtàǹpàkò, mo fi aṣọ funfun dì í. Aláwàdà ni ọkùnrin yẹn. Kí n tó kí i ló ti ní, “Ìyá Alágbàfọ̀, èédú tẹ́ ẹ gbé láàárọ̀ ti jó tán? Àbí ilé lẹ fẹ́ jó?” Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló rí ọwọ́ mi. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gbà á láàárọ̀, kò sí aṣọ lára ẹ̀.” Ó gbé èédú sílẹ̀ fún mi láìwo ojú mi, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán gangan ni o.

Èyí tó wá dùn mí dé ọkàn ni ti nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń bá fọṣọ. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kan wà tó ya lápò, tí mo fi òwú pupa rán. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo gbé aṣọ ẹlòmíràn jáde lọ fún un. Àfi bí mo ṣe pàdé nọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà tó wọ yunifọ́ọ̀mù náà, òwú pupa níbẹ̀, ó gbẹ, ó dán. Ó ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ti òní yìí tún le o, ẹ ò lọ ọ́ báyìí fún mi rí.” Mo fọwọ́ pa apá aṣọ náà. Òótọ́ ni. Ó gún ju tèmi lọ. Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò tíì bà mí nígbà yẹn, owú ló ń jẹ mí. Mo padà délé, mo bojú wo inú ọpọ́n. Ó ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é.

Obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ló pe ọmọ mi lórí fóònù. Kò fi ibi ṣe é. Ó ní Màmá ń pọn omi lẹ́ẹ̀mejì, Màmá ń gbàgbé. Ọmọ mi ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n di ẹrù mi, kí n rántí ìbúra mi. Bí mo bá ní mo gbàgbé, orí mi ò pé nìyẹn. Bí mo bá ní ẹnì kan ń bá mi gbé ọjọ́ mi, orí mi dàrú pátápátá nìyẹn. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mi ò jáde. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo fọwọ́ lẹ́rán. Kò pẹ́, géètì dún. Mo gbọ́ sálúbàtà mi, o mọ̀ pé okùn tòsì ti dẹ̀, ó máa ń na ilẹ̀ pà, pà. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sálúbàtà náà wà ní ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ tí wọ́n da omi sínú àgbá. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀. Ẹni náà sì ń kọrin sínú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń wá láyé yìí mọ́. Gbogbo irun ara mi dìde. Ṣùgbọ́n àgbàlá mi ni, ìgbálẹ̀ mi sì ni. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Ìró mi ló ró, èyí tí mo lẹ̀ níbàdí, ìró kan náà tó wà lára mi. Ìyá mi kọ́ mi pé a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i, bó ṣe ọ̀tá ẹni.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ó ní, “Ọ̀o, ẹ ṣé.” Ohùn mi ni.

Mo ní, “Ta ni ọ́? Kí lo ń wá nílé mi?”

Ó nàró, ó yíjú. Ojú mi ni, àmọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù kọjá lára rẹ̀. Ó ní, “Mo máa ń kọjá, mo máa ń rí ọ. Ó wù mí.”

“Kí ló wù ọ́?”

“Omi pípọn. Ilẹ̀ gbígbá. Kí wọ́n máa kí mi lójú ọ̀nà.”

Mo ti rò pé á ní ẹ̀mí mi lòun wá gbà. Mo wò ó, mo sì rí i pé ayé mi dùn débi pé wọ́n ti ń jí i gbé. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Mo ní, “Wá tìrẹ. Tèmi nìyí.” Mo di ìgbálẹ̀ mú. Òun náà ò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn mí, kò tutù, kò gbóná, bí aṣọ tó ti pẹ́ níbòòji. A ń fà á, a ń fà á, kò sí ẹni tó mí hẹlẹ nínú àwa méjèèjì. Ibẹ̀ la wà tí ọmọ mi fi fọn fèrè ọkọ̀ ní géètì.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti ṣiṣẹ́. Mo rọra sọ fún un pé, “Bó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n á ti máa kí ọ lò ń wá, ọkọ̀ tó máa gbé ọ débẹ̀ ti dé géètì yẹn. Àga wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n á pè ọ́ ní Màmá. Eléyìí ní olówó orí.” Ó wo géètì títí. Ó tú ọwọ́ lára ìgbálẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde, sálúbàtà rẹ̀ ń na ilẹ̀ pà, pà.

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, “Màmá, ẹ ò jà? Ẹrù yín dà?” Mo gbọ́ èsì, “Ẹrù kí ni? Jẹ́ ká máa lọ, ọmọ mi.” Ọmọ náà bú sẹ́kún ayọ̀. Ọkọ̀ gbéra. Mo ti búra pé mi ò ní jiyàn. Ta ló jiyàn?

Mi ò ní tàn ọ́, nǹkan kan bọ́ lára mi nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi ò ní wá síbí mọ́, kí ló fẹ́ wá ṣe? Obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi rí mi nínú ọkọ̀ tí mo ń juwọ́ sí i, eruku ọkọ̀ náà ò sì tíì sùn tí mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì dé iwájú rẹ̀. Kò bú mi láti ọjọ́ yẹn. Gbogbo wọn ń kí mi, àmọ́ wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi kàn án. Mo mọ̀ pé á pẹ́ kí wọ́n tó tún bú mi bó ṣe yẹ. Mo ń ní sùúrù. Ẹlẹ́èédú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàwàdà lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi na fóònù rẹ̀ sí mi, ó sì yára sún sẹ́yìn. Ọmọ mi ló pè láti fi kí ará àdúgbò. Ó ní Màmá òun ti rọ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé, kí wọ́n sì tó jí, ó ti gbálẹ̀. Ó ní kí Màmá fúnra rẹ̀ kí wa. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn mi létí mi.

Ó ní, “Ṣé omi yọ lónìí?”

Mo ní, ó yọ.

“Àgbàlá ńkọ́?”

Mo ní mo ti gbá a.

Ó wá ní, “Àga yìí rọ̀ jù.”

Ohun tó mú kí n mú bírò nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ilé ọmọ mi ò jìnnà sọ́dọ̀ yín, o lè yà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pé o wá kí mi. Wàá bá ẹnì kan lẹ́bàá fèrèsé. Kí i dáadáa, má sá fún un, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Bá a sọ̀rọ̀ òjò, bá a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Bó bá bèèrè àgbàlá mi, sọ pé ẹrẹ̀ ti gbà á. Bó bá bèèrè ẹ̀rọ omi, sọ pé ó ti bàjẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ya oníkanra. Sọ pé iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn, ẹ̀yìn ń dùn mí, ojoojúmọ́ ni mò ń ráhùn. Bá mi parọ́ náà kó dúró. Ṣáà má jẹ́ kó mọ̀ pé ọjọ́ mi ṣì ń dùn bó ṣe ń dùn.

Bá mi kí bàbá ilé àti gbogbo ẹbí, àgbà àti èwe. Aṣọ ń dúró dè mí.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,
Alágbàfọ̀.