Àpótí Tí Ó Ní Kí N Búra Ìṣòtítọ́

Vale de Cegonhas,
ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní.

Odília, ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Iria ọmọ-ọmọ mi tí ó ń kọ́ ìwé kíkà ní ọdún kan náà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń kọ́ ọ. Sọ fún un pé mo ti ya òun sílẹ̀ lọ́nà. Mo ti ń so álífábẹ́ẹ̀tì mọ́ra wọn láìgbé kálámù sókè, Graciete tíṣà wa sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé ọwọ́ mi dùn ún wò ju ti dókítà lọ. Ẹni mẹ́sàn-án ni wá níbẹ̀, èmi ni mo dàgbà ṣìkejì, ẹni tó dàgbà jù máa ń sùn. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, kò sí ẹni tó bá mi di ọwọ́ mú. Àṣìṣe tí o bá rí níbẹ̀, tèmi ni, mi ò sì tọrọ gáfárà.

Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń pariwo, òsì kò tíì sọ nǹkan. Òtútù mú gan-an lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìkòkò ẹyín iná sábẹ́ tábìlì, mo da aṣọ bò ó, èmi àti ológbò jọ jókòó tì í. Àwọn ẹyẹ àkọ̀ ti padà sórí òpó iná iwájú ilé wa, tọkọtaya, wọ́n ń fi ẹnu dún kọkọkọ bí ẹni tó ń gún ata. Zulmira comadre mi, tí ó gbé ọ dání lọ́jọ́ ìsàmì rẹ, ní kí n kí ọ. Ó ti sanra.

Ó yá, ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ló ń yí i po. Èmi fẹ́ sọ ọ́. O ní lórí fóònù pé bí o bá dé lọ́jọ́ Àjíǹde, kí o bá àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o rán nígbà Kérésì lẹ́nu iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ ò ní dá sí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n mi mọ́ láé. Odília, má dá sí i mọ́. Mi ò fẹ́ àpótí náà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, n ó sì sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà pè é ní agídí arúgbó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wí fún ọ ní oṣù kọkànlá. Ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ kú, ó sì fẹ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì baba rẹ mì kí ó tó kú. O ṣeun, o gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Lisboa, o ní kí wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú fílàṣì tí kò tó ìka mi. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, mo dúpẹ́. Ohun tó kù tí mo ń wá kò ju ohun tí n ó ki fílàṣì náà bọ̀ lọ, kí n lè rí Jacinto ọkọ mi, kí n gbọ́ bó ṣe ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin abúlé wa lọ́jọ́ ọdún São Brás, nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ìyẹn nìkan. Àpótí tí o rán, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo wò ó nídìí bí ẹni ń wo adìyẹ tó fẹ́ yé. Ihò iná wà, ihò okùn tẹlifíṣọ̀n wà, ihò fílàṣì kò sí. Ohun tí kò ní ẹnu, báwo ni ó ṣe fẹ́ jẹun?

O wá ní kò sí wàhálà, pé o ó gbé Dádì sínú àwọsánmà, tí mo bá ti ní íńtánẹ́ẹ̀tì, n ó máa rí i láti ibẹ̀. Ọmọ mi, ọdún kẹfà rèé tí Fadá ti ń fi yé mi pé baba rẹ wà lókè. Mi ò bá a jiyàn. Bó bá ṣe pé òkè ni mo fẹ́ kí ó wà, ǹ bá má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ ni mo ti fẹ́ rí i, nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Mo bi ọ́ pé bí a kò bá rí owó oṣù san ńkọ́, o ní wọn á tì í. Wọn á ti baba rẹ! Nígbà tó wà láyé, ta ló gbowó lọ́wọ́ mi kí n tó rí i?

Síbẹ̀ mo gbé àpótí náà lọ sí ilé Zulmira tí ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òrùka kan jáde, ó ń yí, ó ń yí. Zulmira ní ó ń ronú ni. Mo ní kí ló ń rò, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó ronú tán, Zulmira ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sí rìmóòtù létí. Mo tún aṣọ orí mi ṣe, mo kí i pé ẹ káàsán, mo ní ẹ jọ̀ọ́, Jacinto ni mo fẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé òdòdó kan wà tó ń jẹ́ jacinto. Àpótí náà gbé ọkùnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà jáde, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń ri òdòdó náà mọ́lẹ̀ kí òtútù tó dé. Mo ní rárá, ọ̀gá, Jacinto Raposo ni mo wí, ẹni tó ń jó páànù mọ́ra wọn, ti Vale de Cegonhas. Ó tún gbé òdòdó mìíràn wá, aláwọ̀ funfun. Zulmira rẹ́rìn-ín títí tó fi di àga mú, ó ní comadre, ọkọ rẹ ti rúwé.

A kúkú jókòó, a ń wo òdòdó, nítorí ó dára. Àfi bí àwòrán ṣe dúró lójijì tí ọ̀rọ̀ kan yọ. Zulmira kò mọ̀wé, èmi ni mo kà á, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí tíṣà ṣe kọ́ wa: Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?

Odília, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ṣé “o”. Kò tilẹ̀ sọ pé ṣé “ẹ”. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! O mọ̀ pé ní abúlé yìí, ẹni tó ń dúró de ogún ilẹ̀ rẹ ló ń bi ọ́ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Zulmira ní ẹ̀rọ lásán ni. Mo ní ta ló kọ́ ẹ̀rọ. Mo kọjú sí i, mo ní mo wà, n ó sì wà lọ́jọ́ tí a bá ń fi ìwọ gbé ilẹ̀kùn ilé adìyẹ dúró. Mo fa okùn rẹ̀ yọ.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ọkùnrin tí o ní kí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rán wá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọlúàbí ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó nu bàtà rẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì, ó jẹ ólífì. Kò sí gbólóhùn tí kò fi orúkọ mi, Dona Felisbela, parí. Ó yọ dígí pẹlẹbẹ kan, ó ní fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, kí n ṣáà fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ sáré yí i kọjá. Mo ní ọ̀gá, rọra, mo mọ̀wé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo gbé awò mi wọ̀, mo kà á láti òkè, ó ti mu kọfí méjì kí n tó dé àárín. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: Àkókò ìṣòtítọ́, oṣù mẹ́rìnlélógún.

Mo bi í pé ìṣòtítọ́ sí ta ni. Ó ní sí ilé iṣẹ́ àwọn. Mo ní fún ọdún méjì gbáko? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Dona Felisbela, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Mo ní gbogbo ènìyàn kọ́ ló bí mi. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni mo búra ìṣòtítọ́ láyé mi, níwájú pẹpẹ, mo fi ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta pa á mọ́, mo sì ti fi ọdún mẹ́fà ṣe èènì láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú, kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ṣé ìgbà tí mo darúgbó ni n ó wá máa ṣe olóòótọ́ fún ilé iṣẹ́ tí mi ò mọ bàbá rẹ̀? Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ o, ó kàn túmọ̀ sí pé n kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Mo ní ohun tí Fadá sọ nígbà náà gan-an nìyẹn. Mo ní bí mo bá wá lọ ńkọ́. Ó ní n ó san owó ìtanràn. Mo ní baba Odília kò bu ìtanràn lé mi rí. Mo fi ẹyẹ àkọ̀ hàn án lójú fèrèsé, mo ní wo àwọn yẹn, ìtẹ́ kan náà ni wọ́n ń padà sí lọ́dọọdún, wọn ò sì fọwọ́ síwèé kankan.

Kò tán síbẹ̀. Ó ní ẹ kàn fọwọ́ sí i ná, Dona Felisbela, ẹ ó máa rò ó lẹ́yìn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kálámù mi láti fi tọ́ka sí ibi tí mi ò fara mọ́. Ó ní kò sí kálámù níbí, ìka ni a fi ń kọ ọ́ lójú dígí.

Ìka, Odília! O mọ ohun tí wọ́n kọ sí káàdì ìdánimọ̀ mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, pé obìnrin yìí kò mọ orúkọ rẹ̀ kọ. O mọ bí wọ́n ṣe gbá ìka mi mú tí wọ́n tì í bọ inú tàdáwà lọ́jọ́ tí mo lọ fi orúkọ rẹ sílẹ̀ nílé ìwé, tí o sì fojú pamọ́ sẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì mi. Mo rí ọ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọ́ rí. Ìgbà òtútù méjì ni mo fi gbé orúnkún yìí lọ sí kíláàsì kí n lè kúrò lọ́wọ́ ìka, kí n bọ́ sọ́wọ́ kálámù, ẹni tó de táì wá ní kí n padà sídìí ìka. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní kí ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé Felisbela ti kó kúrò ní àdúgbò ìka. Mo di ólífì fún un, mo ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílùú, sọ́dọ̀ Senhor Abílio tó ń ta gílóòbù àti wáyà. Fílàṣì wà nínú àpamọ́wọ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rósárì. Mo ṣàlàyé fún un. Ó tú ẹ̀yìn káńtà títí, ó fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, eruku bò ó. Ó ní Tia Felisbela, eléyìí ò mọ nǹkan kan o. Kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kò lè wá fíìmù, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá fi sí i lẹ́nu ni yóò fi hàn yín. Mo ní irú ẹni tí mo ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó ki fílàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Kò yí òrùka. Kò bi mí lórúkọ. Kò bi mí bóyá mo ṣì wà.

Jacinto sì jáde. Ó wà láàárín àwọn akọrin, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n ń rọra rìn bọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹnìkan dá orin náà. Baba rẹ ni yóò dá gbà á lókè kí gbogbo wọn tó dà lé e. Kí ó tó gbà á, ó húkọ́, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣẹ́jú. Èmi ló ṣẹ́jú sí, mo dúró ti ẹni tó ń ya fídíò, mo gbé àwo àkàrà oníṣúgà dání. Lẹ́yìn náà ló lanu. Ọkùnrin tó wá ra gílóòbù ṣí fìlà rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ríran dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Abílio fi hàn mí.

Ẹyọ kan yẹn ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọn kì í kó o wá mọ́, pé gbogbo ayé ń fẹ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀. Ó ti gbé e pamọ́ sábẹ́ káńtà fún mi títí di ọjọ́ São Brás, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ mówó wá ló ni ín. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn akọrin tó kù, àwọn mẹ́jọ, fẹ́ wá jókòó ní pálọ̀ mi. Láti ìgbà tí baba rẹ ti lọ, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba orin yẹn lókè, fífò ni wọ́n ń fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò. Wọ́n fẹ́ kọ́ orin náà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dúró de Àjíǹde, tàbí de àwọsánmà.

Yúrò mọ́kàndínlógójì ni. Fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí n gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Má fi í sínú fóònù, fóònù mi kéré, kò ní gbà á. Kì í ṣe pé mi ò ní o. Tólótòló méjì wà lẹ́yìnkùlé tí mo lè tà lọ́la. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ lo ra ohùn baba rẹ wálé ni. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, kí o sì rán an. Bí o kò bá rán an, tólótòló á lọ, orin á sì dún.

Àpótí rẹ ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A kì í dá abọ́ padà lófìfo, mo ti fi sọ́séèjì mẹ́ta àti búrẹ́dì kan sínú páálí náà. Má ti sọ́séèjì bọ fíríìjì, gbé e kọ́. Kí Iria gba àpótí bó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbin òdòdó.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìlú ńlá. Kí ohun tí o bá fọwọ́ sí má di ìdè fún ọ. Kí ọmọ rẹ má rí ìdí tí yóò fi fojú pamọ́ nítorí rẹ. Bó bá sì rí i, kí ẹ̀mí rẹ gùn tó láti rí i nígbà tó bá yọjú padà. Àmín.

Láti oṣù kẹwàá ni mo ti mọ orúkọ mi kọ tán, mo sì fi í pamọ́. Tíṣà ní kí n lọ fi sí ìwé ilé ìfowópamọ́, mo ní ó tì. Onítáì fẹ́ gbà á, mi ò fún un. Ibi tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí rèé, Odília, wò ó dáadáa.

Ìyá rẹ, tó ṣì wà níbẹ̀,

Felisbela da Conceição Raposo.
Kálámù ni.