Mo Ti Fọ́ Ilẹ̀ Balùwẹ̀ Yín

Dádì Naomi,

Okun o. Mo kí Mọ́mì Naomi, mo kí Naomi, mo kí òtútù ọ̀dọ̀ yín pàápàá. Ara wa le. Iṣu ta dáadáa, adìẹ mi sì ti sanra débi pé ajá ń sá fún un.

Ẹ ní ká má fọwọ́ kan balùwẹ̀ yín títí ẹ ó fi dé ní Kérésì. Kérésì wo? Omi ń jò lábẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìjókòó rẹ̀ sì ń jó bí ìyàwó tuntun. Màmá àgbà ò lò ó mọ́. Igbó ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣubú síbẹ̀. Mo bá wọn wí.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n fọ́ ilé ọmọ mi ni?"

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, èmi ni màá fọ́ ọ."

Èmi àti Ọlọ́runlékè bíríkìlà yọ ìjókòó náà, a pààrọ̀ páìpù tó là, a kó ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ dà nù, a da kọnkéré tuntun. A ò rí irú táìlì yín ní Kábà, pupa la fi dí i. Bí kò bá wù yín, ẹ má wolẹ̀ bẹ́ ẹ bá wọbẹ̀.

Ẹ lè bínú sí mi. Àmọ́ kọnkéré ti gbẹ, a ti dá ìjókòó padà, Màmá ṣì ń lọ sínú igbó, wọ́n ní ọmọ àwọn ò tíì yọ̀ǹda. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí. Olúwa á bù kún yín. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, màá gbé wọn jókòó síbẹ̀ fúnra mi.

Èmi ni,
Fisáyọ̀