Àlejò Ọdún Mọ́kàndínlógún

Ajé, 30 oṣù kẹwàá
Lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà wo ìfun mi. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí Àlejò ti ń gbé inú mi — orúkọ tí mo sọ àìsàn ìfun wíwú yìí nìyẹn, torí kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti yọjú sí dókítà gbẹ̀yìn. Ara mi sáà le. Kí ni mo fẹ́ lọ wá?

Ìṣẹ́gun, 31
Mo pe Dókítà Perišić, dókítà ìfun mi. Obìnrin yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, "Vidosava, ta ló bi ẹ́ bóyá ara ẹ le? Ìfun tó ń wú, tó ń jinná, tó tún ń wú fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, jẹjẹrẹ lè yọ́ wọ̀ ọ́ láìsí ìrora kankan. Ó yẹ kó o ti wá lẹ́ẹ̀mẹta." Ratomir ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún.

Ẹtì, 3 oṣù kọkànlá
Ìlànà ilé ìwòsàn láti Àìkú: kò sí èso, kò sí àsálà, kò sí àlìkámà oníhóró. Ọjọ́rú, omi àti oògùn tó ń ṣí inú nìkan. Mo wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́rú! Ọjọ́ Dèmétríù Mímọ́, slava ilé wa gan-an, àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé wa. Háà, mo gbé! Ratomir ní ká sọ fún ìyá òun. Mo ní láéláé. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, níwájú Ìjọba? (Màmá Stamena, ìyá ọkọ mi. Ohun tó bá ti sọ, òfin ni.)

Ọjọ́rú, 8
Èèyàn mẹ́rìnlélógún. Mò ń gbé ẹja fún wọn, mò ń sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Màmá gbé žito dé — àlìkámà bíbọ̀, àsálà, ṣúgà. Ẹnikẹ́ni kì í kọ̀ ọ́, nítorí àwọn òkú ilé la ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ní inú ń run mí. "Inú rírun wo, ìyàwó mi? Bàbá ọkọ ẹ ló ń fún ẹ lóúnjẹ, o wá ń yínmú?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbé ṣíbí kan mì. Ó ní ṣíbí ti bàbá bàbá ọkọ mi ńkọ́? Ìkejì. Ìkẹta. Ìtìjú ò jẹ́ n lanu sọ̀rọ̀, àfi kí n lanu jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 9
Wọ́n ki kámẹ́rà wọlé, wọ́n tún yọ ọ́ kíá. Dókítà ní: "Ta ni ẹni mímọ́ ilé yín?" Mo ní Dèmétríù. "Mo rí i. Àlìkámà rẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ìfun." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí jẹjẹrẹ bá ti wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo ti fi ta á lọ́rẹ.

Àìkú, 12
Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 30
Ó mọ́ tónítóní lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fi omi aláró wọ́n inú ìfun kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ibì kan ga díẹ̀, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Wọ́n gé e. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó jáde.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kejìlá
Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá — ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo fi ṣíbí sí ẹ lẹ́nu. O ò ṣe sọ? Ṣé ọ̀tá ẹ ni mí ni?" Ìjọba ń sunkún! Èmi náà bú sẹ́kún.

Ẹtì, 15
Èsì dé. Ẹran ara ibẹ̀ ti ń yí padà, kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí n padà wá ní oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Dókítà ní, "Ká ní o tún fi ọdún méjì sí i..." Kò parí ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́. Ratomir mu ọtí rakija tiẹ̀, ó mu tèmi náà mọ́ ọn.

Àbámẹ́ta, 16
Dunja, ọmọ wa kan ṣoṣo, ti yunifásítì dé fún ìsinmi. Ogún ọdún. Mo sọ gbogbo ìtàn náà fún un, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ fa igun aṣọ tábìlì. Ó ní: "Màmá, èmi náà ń rí ẹ̀jẹ̀. Láti oṣù kẹjọ." Mo pariwo: kí ló dé tó o ò sọ? Ó wò mí. "Nínú ilé wa, Màmá? Ta ló ń sọ irú ẹ̀?"
Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ká máa fi í pa mọ́.
Mo ti pe Dókítà. Ajé, aago méje àárọ̀. Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ — Màmá Stamena ní òun ò ní dúró nílé.