Ta Ni Yóò Súre sí Búrẹ́dì?

Pécs, Hungary

Landon ọmọ mi,

Dáadáa la wà, má dààmú. Láti ìgbà tí o ti kẹ́kọ̀ọ́ tán tí o padà sí Utah, èmi nìkan ni ọkùnrin tó kù nínú ìjọ Mọ́mọ́nì wa, obìnrin kì í sì í súre sí búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bí mo bá kúnlẹ̀ súre tán, Arábìnrin Margit ló ń fà mí dìde.

Dókítà ní kí n tètè wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Mo ní kó ṣe sùúrù títí ọkùnrin mìíràn yóò fi dé ìjọ. Margit ní, "Rezső olóríkunkun, bí o bá kú, ṣé òkú rẹ ni yóò máa súre fún wa?" A rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Yunifásítì ti wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò yà sọ́dọ̀ wa. Mo ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Bá mi kí ìyá rẹ. Bó bá béèrè mi, ara mi yá gágá ni kí o wí.

Rezső